Ìwé Aláwìíyé fún Ọ̀pẹ: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ṣẹ́ẹ̀sì fún Àwọn Ọmọdé

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí a fi ìwé kọ́ ní ayò ọlọ́pọ́n. Abẹ́ igi ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, níbi tí àwọn àgbà ti dojú kọ ara wọn, tí ọ̀ta ń fi ọ̀rọ̀ gún ọ̀pẹ lára, tí ọ̀pẹ ń fèsì, tí àwọn òǹwòran sì ń dá sí ohun tí kò kàn wọ́n. Ọmọ a lóṣòó tì wọ́n, a máa fi ojú ka ọmọ ayò 48 bí wọ́n ti ń bọ́ sínú ilé 12, títí di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà yóò dìde lọ mu omi, tí wọn yóò sì ní kí ó jókòó dè é. Báyìí ni ẹ̀kọ́ náà ṣe ń wọ ọmọ lára, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọjọ́ tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n eré ṣẹ́ẹ̀sì, tí ó gbéra láti ilẹ̀ Íńdíà, tí ó gba Páṣíà àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá kọjá kí ó tó dé Yúróòpù, tí ó sì pẹ́ kí ó tó yà sọ́dọ̀ wa, bá púpọ̀ nínú wa nínú ilé tí kò sí àgbà kan tí ó mọ̀ ọ́n ta. Bàbá kò mọ̀ ọ́n, ìyá kò mọ̀ ọ́n, ọmọ sì ti rí i nílé ẹ̀kọ́ tàbí lójú fóònù, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ òun. Nígbà náà ni òbí a mú owó lọ́wọ́, a lọ sí ilé ìtàwé, a sì bá ara rẹ̀ níwájú ìwé rẹpẹtẹ tí gbogbo wọn ń ṣèlérí ohun kan náà.

Èwo ni kí ó mú? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò láti orí dé ìdí, nítorí ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó kéré yìí ti lé ọmọ tí ó pọ̀ kúrò nídìí eré tí ì bá fún wọn ní làákàyè àti sùúrù títí ọjọ́ ayé wọn.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi, nítorí ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́jọ, tí ó ní òun fẹ́ mọ ṣẹ́ẹ̀sì, mo rí ìwé Capablanca tí ń jẹ́ Chess Fundamentals lórí àtẹ ìwé àlòkù kan n'Íbàdàn, èèpo rẹ̀ ti já, ewé rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Inú mi dùn. Mo ní ta ni ì bá tún kọ́ ọmọ bí kò ṣe Capablanca, ọmọ Havana, ọ̀ta láàárín àwọn ọ̀ta, a-ta-má-làágùn, ẹni tí ó jẹ́ ọba ṣẹ́ẹ̀sì gbogbo ayé láti ọdún 1921 títí di 1927? Mo gbé ìwé náà fún ọmọ, mo gbé ọpọ́n tì í, mo sì fi í sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ìka rẹ̀ wà lórí ìlà kan, ó ní: "Bàbá àgbà, ilé kan náà ni, kí ló dé tí ó fi ń jẹ́ orúkọ méjì?"

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ọdún 1921 ni ìwé yẹn jáde, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ eré sílẹ̀ láyé ìgbà náà ni a sì fi tẹ̀ ẹ́: P-K4 ni wọn yóò kọ bí pọ́ọ̀nù tí ó wà níwájú ọba bá bọ́ sí ilé kẹrin, ẹni tí ó ń ta funfun a máa ka ilé láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ẹni tí ó ń ta dúdú a sì máa kà á láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan nínú ilé 64 ṣe wá ń jẹ́ orúkọ méjì. Lónìí, lẹ́tà a dé h ni a fi ń pe ìlà tí ó lọ sókè, nọ́ńbà 1 dé 8 ni a fi ń pe èyí tí ó dùbúlẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ kan ṣoṣo tí kì í yí padà, ẹni yòówù tí ì báà máa ta. Láti ọdún 1981 ni FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ti fi ọwọ́ rọ́ ọ̀nà àtijọ́ yẹn sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀bi Capablanca. Èmi ni mo wo orúkọ tí ó wà lẹ́yìn ìwé, tí n kò wo ojú ọmọ tí yóò kà á.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí láyé ìgbà tiwa kò ní gbàgbé àwọn ìwé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, tí ó sọ ní Aláwìíyé, tí ó sì tò wọ́n ní ìpele ìpele, kí ọmọ lè máa kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Orúkọ náà tó ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀: a wí i, ó yé ni. Èyí tí ó tún ga jù, bí ó bá ti yé ọmọ tán, ìwé a jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí nípa ìwé ṣẹ́ẹ̀sì fún ọmọdé: kì í ṣe èyí tí ó mọ púpọ̀ ni ó dára, bí kò ṣe èyí tí ó wí díẹ̀, tí ó yé ọmọ, tí ó sì tètè dá a padà sórí ọpọ́n. Ìwé tí ọmọ ń kà láti àárọ̀ di alẹ́ láì fọwọ́ kan ọmọ ayò kan kò tíì kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì, bí ẹwà rẹ̀ ti wù kí ó tó.

Kí òbí tó sanwó, àwọn ohun kan wà tí ó lè yẹ̀ wò níbi tí ó dúró sí, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ eré náà. Kí ó ṣí ojú ewé tí àwòrán ọpọ́n àkọ́kọ́ wà, kí ó wo igun ìsàlẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún: ilé funfun ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ó wo ayaba: ayaba funfun a dúró lórí ilé funfun, ayaba dúdú lórí ilé dúdú. Ìwé tí ó bá ṣi èyí, kí ó dá a padà sórí àtẹ, nítorí ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé kò lè fi yàrá hàn wá. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo bí àwòrán ṣe tóbi tó àti iye tí ó wà lójú ewé. Ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kún bámúbámú tí àwòrán kan ṣoṣo dákẹ́ sí igun rẹ̀, àgbà ni a kọ ọ́ fún. Kí ó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀mì, ìyẹn ìgbà tí a kò halẹ̀ mọ́ ọba ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó kàn kò ní ibì kankan tí ó lè gbé ẹsẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni omijé àwọn ọmọdé ti ń bọ́ jù: ọmọ ti kó gbogbo ogun ọ̀tá tán, ó rò pé òun ti borí, àṣé ọ̀mì ni. Bí ìwé bá fi ìlà kan péré kọjá lórí ọ̀mì, ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì jókòó ti ọmọdé rí. Ní ìparí, kí ó wo ìdáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà lẹ́yìn ìwé, bóyá wọ́n sọ ìdí, tàbí wọ́n kàn sọ ilé tí a lọ.

Ó kù kí a wo àwọn ìwé gan-an, ní ẹ̀yà ẹ̀yà.

Ẹ̀yà kìíní ni àwọn tí ń fi ìtàn àti àwòrán mú ọmọ wọlé. Nínú wọn, Chess for Children tí Murray Chandler àti Helen Milligan kọ, tí ó jáde ní ọdún 2004, ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ George àti ọ̀nì tí ó ń sìn, Kirsty, ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbéèrè tí ọmọ ì bá sì bi òbí rẹ̀, George ti bi í sílẹ̀. Àǹfààní irú ìwé yìí ni pé ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje lè jókòó tì í láìsí pé a nà án. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọmọ lè ka ìtàn náà tán, kí ó mọ orúkọ ọ̀nì, kí ó má mọ ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà rìn. Nítorí náà, bí orí kan bá ti parí, kí ìwé dojú bolẹ̀, kí a gbé ọpọ́n kalẹ̀.

Ẹ̀yà kejì kò ju ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n ìwé náà tó ẹgbẹ́ kan fúnra rẹ̀. Bobby Fischer Teaches Chess ni, tí ó jáde ní ọdún 1966, tí Fischer kọ pẹ̀lú Stuart Margulies àti Donn Mosenfelder. Ọfà tí a yà sórí àwòrán ni ó fi ń fi ìrìn hàn, kò béèrè pé kí ọmọ mọ bí a ti ń kọ eré sílẹ̀. Ìbéèrè kan, àwòrán kan. Ọmọ á ronú, á ṣí ewé, á bá ìdáhùn níbẹ̀. Ojú ewé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó ń kà lọ. Nígbà tí ó bá dé ẹ̀yìn ìwé, á dorí ìwé kodò, á sì máa kà á bọ̀. Inú ọmọ-ọmọ mi dùn sí dídorí-kodò yìí ju gbogbo ẹ̀bùn ọdún lọ. Ohun kan ni ìwé náà ń lù lálùtúnlù: bí a ti ń ká ọba mọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ọba jókòó ní igun, pọ́ọ̀nù rẹ̀ mẹ́ta dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́, ó rò pé ààbò ni. Rúùkù ọ̀tá wọlé láti ẹ̀gbẹ́ sí ìlà ẹ̀yìn, ọba wò síwájú, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani: àwòrán òwe yìí gan-an ni, ọmọ tí ó bá sì rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé láti ṣí fèrèsé kékeré kan fún ọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òbí mọ̀ pé ìwé yìí kò kọ́ni ní gbogbo eré. Apá kan ni ó kọ́, ó sì kọ́ ọ dójú àmì.

Ẹ̀yà kẹta ni ìwé àwọn ọgbọ́n ìkámọ́. Olórí wọn ni How to Beat Your Dad at Chess tí Chandler kan náà kọ ní ọdún 1998, nínú èyí tí ó to ọ̀nà 50 tí a fi ń ká ọba mọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ rẹ̀ lè kọ bàbá Yorùbá lóminú, nítorí a kì í ṣáà kọ́ ọmọ láti na bàbá rẹ̀. Àmọ́ kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀, a tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kí ọmọ ju baba lọ. Kì í ṣe ìwé àkọ́kà. Fún ọmọ tí ó ti mọ ìrìn gbogbo ọmọ orí ọpọ́n, tí ó ti ta bí ìgbà 20 tàbí 30, ìwé yìí ni yóò là á lójú, tí yóò fi máa rí ọ̀nà ìkámọ́ bí ọdẹ ti ń rí ipa ẹsẹ̀ ẹran.

Ẹ̀yà kẹrin ni èyí tí mo kà sí Aláwìíyé tòótọ́ láàárín wọn: ìwé iṣẹ́ onípele tí Rob Brunia àti Cor van Wijgerden dá sílẹ̀ ní Nẹ́dálándì ní ọdún 1987, tí a mọ̀ sí Step Method. Ìpele mẹ́fà ni, àwòrán 12 ni ó sì sábà máa ń wà lójú ewé kan, ọmọ a máa fi pẹ́ńsù ya ìdáhùn rẹ̀ sórí wọn. Ohun tí ó mú kí n bọ̀wọ̀ fún àwọn ọkùnrin méjì yìí ni pé wọ́n ṣàkíyèsí bí ọmọ ti ń dàgbà lórí ọpọ́n. Wọ́n rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀, pípa ọmọ ayò ẹlòmíràn nìkan ni ojú ọmọ ń rí. Lẹ́yìn náà ni yóò tó rí àyè, ibi tí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan lágbára dé. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni yóò tó mọ iye àsìkò, pé ẹni tí ó fi ìrìn kan ṣòfò ti fi ogun fún ọ̀tá. Bàbá tí ó ń kígbe mọ́ ọmọ ọdún méje pé kò ronú jìnnà, ń béèrè èso lọ́wọ́ igi tí kò tíì yọ òdòdó. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àbùkù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ìwé iṣẹ́ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó fẹ́ àgbà tí yóò jókòó tì í, ìwé olùkọ́ sì wà lọ́tọ̀ fún àgbà náà.

Ẹ̀yà karùn-ún ni àgbá ìbéèrè ńláńlá. László Polgár ti ìlú Budapest, ẹni tí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta ní ṣẹ́ẹ̀sì nílé, tí àbíkẹ́yìn wọn, Judit, sì gba oyè ọ̀gá àgbà (grandmaster) ní ọdún 1991 nígbà tí kò tíì pé ọdún 16, ṣe ìwé kan tí ojú ewé rẹ̀ lé ní 1,000, tí ìbéèrè 5,334 wà nínú rẹ̀. Orí kan nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ ìkámọ́ ọba ní ìrìn kan ṣoṣo, ìbéèrè 306, dára fún ọmọdé. Ìyókù, kí a pa á mọ́ títí ọmọ yóò fi dàgbà bá a. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yà kẹfà ni àwọn ìwé ọ̀gá àtijọ́, Capablanca tí mo ti dárúkọ, àti Logical Chess tí Irving Chernev tẹ̀ jáde ní ọdún 1957, nínú èyí tí ó tú eré 33 palẹ̀, tí ó sì sọ ìdí ìrìn kọ̀ọ̀kan láìfo ọ̀kan. Ìwé ọgbọ́n ni wọ́n. Ọmọ ọdún 11 tàbí 12 tí ó ti jẹ ìpele méjì tán lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn wọ́n, bí a bá ra ẹ̀dà tí a ti yí sí ọ̀nà kíkọ ti òde òní. Àǹfààní Capablanca fún òbí tilẹ̀ ni pé ìparí ogun ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ọba kan àti rúùkù kan sí ọba kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ ayò bá kéré lórí ọpọ́n, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan a hàn kedere, bí a ti ń mọ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọjà bá tú.

Irú ìwé kan wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún òbí nípa rẹ̀, àwọn tí ń ta ìṣẹ́gun kíákíá. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ìkámọ́ onírìn mẹ́rin. Funfun gbé pọ́ọ̀nù ọba sí e4, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù sí c4, ó fò mú ayaba jáde sí h5, ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù sì dojú kọ ilé f7, tí ọba dúdú nìkan ṣoṣo ń ṣọ́. Bí ẹni kejì bá sùn, ayaba á já lu f7, eré á parí. Ọmọ tí ó mọ èyí nìkan yóò borí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kìíní, yóò sì rò pé òun ti di ọ̀ta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá pàdé ẹni tí ó la ojú, tí ó gbé pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo sí g6, ayaba rẹ̀ di ẹni tí a ń lé kiri oko, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ìwé rere a fi ọgbọ́n yìí hàn kí ọmọ lè mọ bí yóò ti gbà á, kì í ṣe kí ó fi ṣe oúnjẹ òòjọ́.

Gbogbo ìwé tí mo dárúkọ wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti rí wọn kà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ òbí sì wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí bàbá tàbí ìyá ka ojú ewé kan, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ ní Yorùbá: pé ilé ni a ń pe ojú kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ti ayò, pé ẹṣin a máa fo orí ẹlòmíràn, pé lẹ́tà c tí kò sí nínú a, b, d tiwa wà nínú ti ọpọ́n yìí, kí ọmọ má bàa fò ó. Kí ọmọ kọ́ eré lọ́dọ̀ ènìyàn kí ó tó kan ìwé kì í ṣe ohun tuntun. Ní Havana, ìlú tí àwọn Lùkùmí, ọmọ ìyá wa, ṣì ń ké pe Ṣàngó àti Ọ̀ṣun, Capablanca kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rin, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀ níbi tí ó ti ń ta, kò ka ìwé kankan, ó sì rí i pé bàbá òun gbé ẹṣin láti ilé funfun sí ilé funfun, ohun tí ẹṣin kò lè ṣe láé. Ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni Túndé Ọ̀nàkọ̀yà ti kọ́kọ́ rí eré yìí ní kékeré. Òun ni ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san, tí ó sì jókòó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní gbàgede Times Square ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọpọ́n àti ènìyàn ni ó ṣáájú. Ìwé tẹ̀ lé e.

Ìdájọ́ mi rèé. Fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méje, kí a ra ìwé ìtàn Chandler àti Milligan, kí àgbà sì máa kà á fún un. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè tí ó mọ̀ ọ́n kà, Fischer ni mo mú. Ẹni tí ó bá rí àyè jókòó ti ọmọ lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó ra ìpele kìíní àwọn ará Nẹ́dálándì, kò ní kábàámọ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ọ̀nà 50 ti Chandler, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá àtijọ́. Bí owó kò bá sì tó ìwé àti ọpọ́n pọ̀, ọpọ́n ni kí a rà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti fi Fischer rọ́pò ìwé tí ó já, mo bá ọmọ-ọmọ mi lórí ẹní, ìwé ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọpọ́n sì ti tò. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Mo jókòó. A ta á títí iná fi lọ, a tan fìtílà. Mo ti ń ka iye ọmọ ayò rẹ̀ tí mo pa nígbà tí rúùkù rẹ̀ wọlé sí ìlà ẹ̀yìn mi, tí pọ́ọ̀nù mi mẹ́ta sì dúró ṣánṣán níwájú ọba, wọn kò mira. Kò fò sókè. Ó rọra na ìka sí ìwé tí ó dojú bolẹ̀, bí ẹni tí ń tọ́ka sí ẹlẹ́rìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọpọ́n padà.